Gbòǹgbò, Aràn àti Àyànmọ́

Láàárín àwọn aràn tín-ín-rín tó ń gbé inú ilẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́mátóòdù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti pọ̀ lórí ebè kan, irúgbìn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án gangan, ewé rẹ̀ á pọ́n, kò ní í ga mọ́. Òmíràn tó wà nítòsí rẹ̀, tí òjò kan náà rọ̀ sí, tí ọwọ́ kan náà gbìn, á máa tutù yọ̀yọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀ràn ìmọ̀ ọ̀gbìn, ó sì tún jẹ́ ọ̀ràn ìgbàgbọ́, nítorí ó ń béèrè ibi tí agbára ti ń wá: ṣé àyànmọ́ ni, ṣé ilẹ̀ ni, àbí ìtọ́jú? Àwọn Yorùbá ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí nípa ènìyàn láti ayébáyé, orí, ẹsẹ̀, ìwà àti ẹbọ ni wọ́n sì fi ń dáhùn rẹ̀ papọ̀. Ohun tí gbòǹgbò ń kọ́ni fi hàn pé ìdáhùn alápá púpọ̀ yẹn sún mọ́ òtítọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé kádàrá ti parí ohun gbogbo lọ, ó sì sún mọ́ ọn ju ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé akitiyan nìkan ló ń gbéni dé èbúté lọ.

Iṣẹ́ aràn nínú ilẹ̀

Alimọ́ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006, tó ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Láti Command àti Ìpájà títí dé Ìgàndò àti Ìkòtún, ilé ti bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Oko ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ kù ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní àkùrọ̀, ní etí odò, àti lórí ilẹ̀ tí ẹni tó rà á kò tíì kọ́lé sí. Nítorí pé ilẹ̀ kò tó, kì í sinmi: bí wọ́n bá ti fa ṣọkọ tán, ewédú á wọlé, bí ewédú bá kúrò, ó kan ilá. Ilẹ̀ oníyanrìn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n ń bomi rin nígbà gbogbo, ni aràn olókóókó, Meloidogyne, ń fẹ́. Ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì sì wà lára ohun tó ń bá jà jù lọ.

Ọmọ aràn yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò gùn tó ìdajì mìlímítà. Ó ń gba ṣóńṣó gbòǹgbò wọlé, ó ń wá ọ̀nà tí omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá nínú igi, ibẹ̀ ló sì ń fi ẹnu sí. Oje tó ń tú sínú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ níbẹ̀ á mú kí wọ́n wú di òmìrán, kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kí wọ́n máa bọ́ ọ lọ. Gbòǹgbò tó yí wọn ká á ta kókó. Bí ooru ilẹ̀ bá dára fún un, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ti tó fún un láti ti inú ẹyin di ìyá. Abo kan lè yé ẹyin 300 sí 500, abo ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ olóoru kò sì nílò akọ kó tó yé ẹyin.

Ó yẹ kí onírònú kíyè sí i pé aràn yìí kì í fi ipá wó ilé tó wọ̀. Agbára igi náà ló fi ń bá igi náà jà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì igi ni; oúnjẹ tó ń jẹ, oúnjẹ tí ewé sè nínú oòrùn ni. Ibi tó burú jù lọ láyé kì í sábà mú ohun ìjà tirẹ̀ dání. Ohun rere tó bá nílé ló ń yí padà sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ìdènà fi jinlẹ̀: igi tó ń kọ aràn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n ní kíá.

Ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1960, F. E. Caveness ṣiṣẹ́ lórí àwọn aràn inú ilẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, gbé iṣẹ́ náà síwájú lórí iṣu, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí J. N. Sasser ti Amẹ́ríkà sì kó àwọn onímọ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní àwọn ọdún 1970 láti mọ bí Meloidogyne ṣe tàn ká ayé, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti pàdé.

Agbára tó ti inú igbó wá

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó lókìkí nípa irúgbìn tó ń kọ aràn olókóókó yìí ti ara ẹ̀wà wá. Ní ọdún 1902, H. J. Webber àti W. A. Orton, onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa ẹ̀wà kan ní South Carolina tí wọ́n ń pè ní Iron, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ta kókó níbi tí ti ẹ̀wà yòókù ti ń ta á. Ilẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú ni orísun ẹ̀wà, òwò ẹrú sì wà lára ohun tó gbé e sọdá òkun. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ aláìlórúkọ ti pa mọ́ nínú irúgbìn wọn láti ìran dé ìran ló wá di ìyanu lójú àwọn onímọ̀ ní òkèèrè.

Ìtàn àjàrà náà fara jọ èyí. Àjàrà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Alimọ́ṣọ́. Inú Bíbélì, inú ife ìdàpọ̀ mímọ́ àti lórí igbá àwọn tó ń ta èso òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Vitis vinifera, àjàrà tí Yúróòpù fi ń ṣe wáìnì, dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára. Ní àwọn ọdún 1860, kòkòrò phylloxera tó ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á run ní Faransé, kò sì sí ohun tó gba oko là bí kò ṣe gbòǹgbò àjàrà igbó láti Amẹ́ríkà kan náà tí kòkòrò ti wá. Aràn inú ilẹ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi. Ní ọdún 1958, Hewitt, Raski àti Goheen fi hàn ní Kalifọ́níà pé aràn Xiphinema index ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé àti èso àjàrà jẹ́ láti gbòǹgbò kan dé òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí náà, inú igbó ni ìrànwọ́ ti wá: láti ara Vitis champinii ti Texas, àti láti ara muscadine, àjàrà igbó ti gúúsù Amẹ́ríkà.

Ti tòmátì tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ẹ̀yà tòmátì igbó kan ní ilẹ̀ Peru ní àbùdá tí wọ́n ń pè ní Mi, èyí tó ń kọ Meloidogyne. Òun àti tòmátì ọbẹ̀ kì í sábà bímọ tó yè. Ní ọdún 1944, P. G. Smith ròyìn pé òun yọ ọlẹ̀ kúrò nínú hóró tí àwọn méjèèjì jọ bí kó tó kú, òun sì tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò. Láti ara ọ̀dọ́ igi kan ṣoṣo tó yè bẹ́ẹ̀ ni agbára yìí ti tàn dé inú àìmọye oko tòmátì lágbàáyé lónìí.

Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí ni agbára wà. Èso àjàrà igbó kì í wu ẹni tó ń ṣe wáìnì, tòmátì igbó Peru kò ṣeé fi se ọbẹ̀. Ẹni tó bá fi adùn nìkan díwọ̀n ohun tí Ẹlẹ́dàá dá yóò ju ohun tó lè gbà á là nù. Ẹ̀kọ́ ìsìn nìyí kó tó jẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀: a kò dá ohun kan lásán, ìyà tí igbó fi ń jẹ igi sì lè jẹ́ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti dàgbà.

Àyànmọ́ àti ilẹ̀ tó gbóná

Bí agbára ìdènà bá wà nínú àbùdá láti ìgbà tí irúgbìn ti wà ní hóró, ó jọ pé ẹni tó sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn ti borí nìyẹn. Irúgbìn tó ní Mi ní in. Èyí tí kò ní in, kò lè fi ìsapá wá a. Ṣùgbọ́n àbùdá Mi ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́ mọ̀. Bí ooru ilẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Aràn á wọlé, kókó á sì ta bíi pé kò sí àbùdá náà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí oòrùn ń pa ní tààrà ní Èkó máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Irúgbìn tó jẹ́ akọni ní ilẹ̀ tútù lè di ẹni tí aràn ń jẹ ní Ìgàndò láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú àbùdá rẹ̀. Ohun tó ti lè ràn án lọ́wọ́ ni koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ sórí ebè, òjìji díẹ̀, tàbí àkókò gbíngbìn tí ooru ti rọlẹ̀.

Ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ṣe àlàyé rẹ̀ nípa ilé Àjàlá Alámọ̀, tó ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn, mọ èyí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti yan orí. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja sáré yan orí tó lẹ́wà lójú, wọn kò mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ṣá. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ẹbọ, ó rú u, ó tọ́jú oníbodè, ó sì san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá. Àjàlá bá a yan orí tó dára, òjò kò sì rí i ṣe. Nínú ìtàn yìí, orí jẹ́ òtítọ́, òjò náà sì jẹ́ òtítọ́. Orí kò ní ìtumọ̀ láìsí òjò tó ń dán an wò, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ti wọ inú àyànmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń yàn án.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní ẹ̀rí tó bá èyí mu. Nígbà tí Kálífà Umar dé Sargh ní ojú ọ̀nà Ṣáámù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, ó sì pinnu láti padà sẹ́yìn. Abu Ubayda, balógun rẹ̀, bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́run ni. Èsì Umar ni pé inú kádàrá Ọlọ́run kan ni òun ti ń bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run mìíràn, ó sì fi darandaran ṣe àpẹẹrẹ: bó bá dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ ní koríko, tí apá kejì gbẹ, kádàrá ni bó bá da ẹran sí ibi tútù, kádàrá náà ni bó bá dà á sí ibi gbígbẹ. Àgbẹ̀ tó bo ebè rẹ̀ nítorí ooru kò bá àyànmọ́ jà. Ó mú irúgbìn lọ sí ibi tí àyànmọ́ rẹ̀ ti lè ṣẹ ni.

Orí àti ẹsẹ̀

Ọ̀nà tí àwọn olóko àjàrà fi yanjú ọ̀ràn gbòǹgbò ni pé wọ́n ń lọ́ igi méjì pọ̀. Wọ́n á gé ẹ̀ka àjàrà aládùn, wọ́n á so ó mọ́ gbòǹgbò àjàrà igbó, ojú ọgbẹ́ méjèèjì á sì jiná sí ara wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, èso ń bọ̀ láti òkè, agbára ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tó di èkejì rẹ̀. Wọ́n lè lọ́ tòmátì àti ìkàn bẹ́ẹ̀ náà. Ìkàn igbó Solanum torvum, tó ń hù fúnra rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún gbòǹgbò ní ilẹ̀ Éṣíà nítorí pé kì í rọrùn fún aràn olókóókó láti gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè wá dìde: ta ni irú igi bẹ́ẹ̀? Bí agbára tó fi wà láàyè bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ṣé ó lè pè é ní tirẹ̀? Pọ́ọ̀lù lo ìlọ́pọ̀ igi nínú Ìwé Róòmù orí 11 láti kìlọ̀ fún àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́: ẹ̀ka ólífì igbó tí wọ́n lọ́ sára igi rere kò gbọdọ̀ ṣe fújà, nítorí gbòǹgbò ló gbé e dúró. Ní oko àjàrà, ètò náà yí padà, ẹ̀ka rere ni wọ́n ń lọ́ sórí gbòǹgbò igbó, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà dúró gbọin. Ẹni tó so èso kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tó dúró nínú òkùnkùn ilẹ̀ fún un.

Èrò Yorùbá fi kún un. Ìtàn Ifá kan sọ pé gbogbo Orí péjọ láti ṣe ìpinnu, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù sọ fún wọn pé ìmọ̀ràn náà kò ní í ṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Nínú igi tí wọ́n lọ́, ìtàn yìí ṣeé fojú rí. Orí tó dára jù lọ lórí ẹsẹ̀ tí aràn ti jẹ kò lè so. Nítorí náà, agbára tí a jogún tàbí tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn jẹ́ tiwa ní ìwọ̀n tí a bá fi so èso tí olówó rẹ̀ kò lè dá so. Ọ̀nà tí a ń gbà ní in ni ìdúpẹ́ àti iṣẹ́, kì í ṣe ìgbéraga.

Ìdènà àti ìfaradà

Àwọn onímọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ojú àgbẹ̀ lè máa rí bí ọ̀kan. Irúgbìn kan ń dènà: aràn wọlé ṣùgbọ́n kò rí ibi bímọ sí. Nínú tòmátì tó ní Mi, sẹ́ẹ̀lì tí aràn fẹ́ sọ di ilé oúnjẹ á yára kú, ebi á sì pa aràn níbẹ̀. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni igi pàdánù kí odindi rẹ̀ lè yè. Irúgbìn kejì ń fara dà á: aràn ń jẹ, ó ń bímọ, kókó ń ta, síbẹ̀ igi náà ń so dáadáa. Inú olóko á dùn sí àwọn méjèèjì ní ọdún yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ tí èyí tó ń dènà wà yóò ti mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí èyí tó ń fara dà wà yóò ti kún fún aràn, irúgbìn mìíràn tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ ni yóò sì san gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí wà nínú èyí. Sùúrù jẹ́ ìwà iyì ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n sùúrù tó jẹ́ kí ibi máa bímọ lábẹ́ ilẹ̀ nítorí pé kò tíì dun ẹni tó ń ṣe sùúrù kì í ṣe ìwà rere pátápátá. Ọlọ́jà tó fara da òṣùwọ̀n èké nítorí pé ọjà òun ṣì ń tà, tàbí ìjọ tó fara da ìwà ìbàjẹ́ nítorí pé èrò ṣì ń wọlé, ti di ibi ìsinmi fún ohun tí yóò pa aládùúgbò wọn. Ìdíwọ̀n ìfaradà ni ohun tó ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìfaradà bá ti ń di ẹrù ẹlòmíràn, àsìkò ìdènà ti dé, bí ìdènà bá tilẹ̀ ní kí èèyàn pàdánù nǹkan.

Ṣé ó yẹ kí a pa ọ̀tá run?

Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n pa gbogbo aràn inú ilẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn olóko àjàrà àti èso ní Amẹ́ríkà lo oògùn DBCP fún èyí. Ní ọdún 1977, wọ́n rí i ní Kalifọ́níà pé àwọn ọkùnrin tó ń po oògùn náà ní ilé iṣẹ́ ti pàdánù agbára ìbímọ. Ní 1979, ìjọba fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ìlò rẹ̀. Methyl bromide rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oko, òun náà sì ń ba ìpele òfuurufú tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Àdéhùn Montreal wá fi òpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ ìlò rẹ̀ nínú oko, ní 2005 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, ní 2015 fún àwọn yòókù.

Ifá ka àwọn ajogun mẹ́jọ tó ń bá ènìyàn jà: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni yóò lé wọn kúrò láyé. Ẹbọ, ìwà àti ọgbọ́n ni wọ́n fi ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà ẹni. Òwe èpò inú oko àlìkámà nínú Ìhìnrere Mátíù náà kìlọ̀ pé ìkánjú láti fa búburú tu lè fa rere tu pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ aràn inú ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, wọ́n ń jẹ ohun jíjẹrà, wọ́n sì ń dá oúnjẹ padà sílẹ̀ fún irúgbìn. Oògùn tó pa gbogbo wọn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Gbòǹgbò tó ń dènà mọ̀ ọ́n: ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Ìjà tó bá ti fẹ́ kí ibi má sí mọ́ rárá sábà máa ń di ibi mìíràn. Ìjà tó fẹ́ kí ibi má rí ilé gbé ló ń tọ́jọ́.

Agbára tó ń fẹ́ ìtọ́jú

Ìdènà náà kì í ṣe ayérayé. Gbòǹgbò Harmony, tí àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà mú jáde ní Fresno fún àjàrà, lókìkí nítorí pé ó ń kọ Meloidogyne. Nígbà tó yá, àwọn aràn kan yọjú ní Kalifọ́níà tó mọ ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Àwọn aràn tó ń borí Mi nínú tòmátì náà ti yọjú ní ibi púpọ̀. Ibi tí irúgbìn kan ṣoṣo bá wà fún ọdún pípẹ́, aràn díẹ̀ tó lè jẹ ẹ́ nìkan ni yóò máa bímọ, títí ilẹ̀ yóò fi di tiwọn. Èsì tí M. Andrew Walker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Davis fún èyí ni gbòǹgbò GRN, tí wọ́n kó agbára láti ara oríṣìíríṣìí àjàrà igbó pọ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé ó ṣòro fún aràn láti já ìlẹ̀kùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbí ni ìwà ti wọ ọ̀rọ̀. Bí orí bá tilẹ̀ dára, tí ẹsẹ̀ sì lágbára, ìwà ló ń pa àwọn méjèèjì mọ́. Ìwà àgbẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí kò ṣòro láti sọ. Kó fa gbòǹgbò olókóókó tu lẹ́yìn ìkórè, kó sì sun ún, dípò kó fi sílẹ̀ nínú ebè. Kó fi irúgbìn tí aràn náà kò fẹ́ràn pààrọ̀ èyí tó fẹ́ràn. Kó tú ilẹ̀ sí oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà bọ́ ilẹ̀, kó sì gbin òdòdó mẹ́rígóòlù, tí oje gbòǹgbò rẹ̀ ń pa aràn, síbi tí ààyè bá wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ṣe é. Lápapọ̀, wọ́n ń jẹ́ kí agbára tí irúgbìn jogún pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wá hàn. Agbára igi tó dúró wà nínú àbùdá rẹ̀, nínú ooru ilẹ̀ tó dúró lé, nínú gbòǹgbò ẹlòmíràn tó lè gbé e, àti nínú ọwọ́ tó ń tún ilẹ̀ náà ṣe. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò yóò rí i pé àwọn tó kù kò tó. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni fi àyànmọ́ dá ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ̀nà kí ẹni tó rí ṣe fi akitiyan rẹ̀ nìkan yangàn. Ojúṣe tó kù fún onígbàgbọ́, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe, ni kó tọ́jú ilẹ̀ tí àyànmọ́ ẹlòmíràn fẹ́ ṣẹ lórí rẹ̀.